Àáró Tí Bàbá Mi Rán Mi Lọ Ṣe

Ohun tó jẹ́ kí bàbá mi gbà kí n lọ sí òkè òkun ni pé ó gbà pé àáró ni mo ń lọ ṣe. Èmi ni mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. N kò purọ́, bó ṣe yé mi nígbà náà nìyẹn.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ní àwọn ọdún tí sáàpù, ètò ìṣúnná owó ìjọba, jẹ́ kí ojú gbogbo wa rí màbo. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù là ń pàdé, lóṣù yìí ní Ọ̀yọ́, lóṣù tó ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. A ń gbin igi sí ọgbà àwọn ilé ẹ̀kọ́, a ń kó ìdọ̀tí inú gọ́tà, a sì ń jiyàn títí ọ̀fun wa yóò fi gbẹ lórí bí ìlú ṣe lè dàgbà láìjẹ́ pé ó ba ilẹ̀ àti omi jẹ́ mọ́ àwọn tí a kò tíì bí lọ́wọ́. Ìlú kékeré kan ní Jámánì ní irú ẹgbẹ́ wa. Wọ́n kọ̀wé sí wa pé kí ìlú méjèèjì máa pààrọ̀ ọ̀dọ́: kí ẹnì kan lọ́dọ̀ wa wá bá wọn ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, kí àwọn tiwọn náà wá sọ́dọ̀ wa. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá wa lẹ́nu wò, èmi ni wọ́n sì mú. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí nígbà náà. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìrẹsà, abúlé wa, mo sì ń bá bàbá mi ṣe oko ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ tí kò bá sí ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin méjèèjì ti gba Èkó lọ. Èmi ni ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù fún bàbá mi lóko. Oko náà sì wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Lọ́dọọdún ni àgbàrá ń gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ń wọ́ erùpẹ̀ dúdú lọ, ó ń fi òkúta sílẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé wọ́n mú mi, kò bínú, kò yọ̀. Ó kàn bi mí pé ta ni yóò bá òun kọ ebè. Mo ní, "Bàbá, àáró ni. Mo máa bá wọn ṣe tiwọn, àwọn náà á wá bá wa ṣe tiwa."

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Tó bá jẹ́ àáró ni, n ò lè sọ pé kóo má lọ."

Ẹni tí kò mọ bàbá mi kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti wúwo tó. Ní abúlé wa, àwọn àgbẹ̀ á kó ara wọn jọ, gbogbo wọn á kọ ebè ní oko ẹnì kan lónìí, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn lọ́tùn-únla, títí yóò fi kárí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, kò sí ìwé níbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá mi kò gbàgbé ọjọ́ ẹnikẹ́ni rí. Nígbà kan, Bàbá Ràímì, aládùúgbò wa, jẹ ẹ́ ní iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àlejò mẹ́rin wá kí Bàbá Ràímì láti Ìbàdàn lásìkò náà, oníṣòwò ni wọ́n, wọn kò di ọkọ́ mú rí. Ló bá kó ọkọ́ lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n lọ rọ́pò òun. Bàbá mi fún wọn ní iṣu sísun jẹ, ó bu omi tútù fún wọn, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Ràímì dé pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní ṣebí èèyàn mẹ́rin ni òun rán rọ́pò ẹnì kan, kí ló tún kù. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

"N kì í ka èèyàn, Bàbá Ràímì. Ebè ni mo máa ń kà."

Lọ́jọ́ kejì, kí bàbá mi tó kírun òwúrọ̀ tán, Bàbá Ràímì ti wà lóko wa, ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Irú ẹni tí mo fi ọ̀rọ̀ àáró tàn jẹ nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ tan ara mi.

Ìlú tí mo lọ kéré, odò kan gba àárín rẹ̀ kọjá, orúkọ rẹ̀ sì gùn. Bàbá mi gbìyànjú láti pè é lẹ́ẹ̀mejì, ó jáwọ́, ó sọ ọ́ ní Ìlú Olódò. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ilé wa ń pè é títí dòní.

Oṣù kẹsàn-án ni mo débẹ̀. Wọ́n fún mi ní yàrá kan lókè ilé tí ìjọba ìlú ń kó irinṣẹ́ ọgbà sí. Yàrá náà mọ́, ó gbóná, kò sì sí ìró kankan níbẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ní ilé wa, bí èèyàn bá ti lajú báyìí, yóò ti mọ ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tó ń gbálẹ̀, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ké àti ẹni tó ti ń wọ́ bàtà lọ sí mọ́ṣáláṣí. Ní Ìlú Olódò, mo máa ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀, màá máa tẹ́tí, bí ẹni tí gbogbo ilé jáde tí wọ́n gbàgbé sílé.

Ìkíni tún dá mi lágara. N kò mọ bí èèyàn ṣe ń kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kó má kí i. Mo kí àwọn tó ń tún títì ṣe, mo kí obìnrin tó ń nu fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, mo kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín músẹ́, àwọn kan wẹ̀yìn láti mọ ẹni tí mo ń bá wí. Lọ́jọ́ kan, mo tẹ̀ síwájú láti fi ọwọ́ kan ilẹ̀ fún bàbá arúgbó kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Bàbá náà rò pé nǹkan òun ló já bọ́ tí mo fẹ́ bá òun mú, ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwa méjèèjì jọ ń wá ohun tí kò sọ nù nílẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní kí n máa tún ẹ̀gbẹ́ àpótí ńlá tí ará ìlú ń ju ìgò sí ṣe. Ìgò funfun ní àpótí tirẹ̀, ti àwọ̀ ewé ní tirẹ̀, kí wọ́n lè kó wọn lọ yọ́, kí wọ́n fi ṣe ìgò tuntun. Inú mi dùn sí ètò náà, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí ìgò tí wọ́n ń jù, ọkàn mi kò gbà á. Ìgò tó nípọn, tó ní ìdérí, tí kò sán níbi kankan! Epo pupa àti oyin ni ìyá mi ń tà, ìgò sì ni wàhálà rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gbọ́njú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn tó dára, mo ń fọ̀ wọ́n, mo ń tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

Hanna ló ká mi mọ́ ọn. Hanna ni akọ̀wé ẹgbẹ́ wọn, ọmọge gíga kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tó sì máa ń wá wò mí láti mọ̀ bóyá òtútù kò tíì pa mí. Ó rí ẹnu ìgò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó fà á jáde, ó fa òmíràn, ó sì ń fà wọ́n lọ. Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé fún un pé lọ́dọ̀ wa, ìgò kan lè sin ìyá, kó sin ọmọ. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgò kan lọ́wọ́, ó ń yí i wò. Ní ìpàdé ẹgbẹ́ tó tẹ̀ lé e, ó dìde, ó bi wọ́n pé kí ló dé tí àwọn ń jó iná ràì láti yọ́ ohun tí omi àti ọṣẹ lásán lè tún ṣe. Wọ́n sọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi gbà pé kí wọ́n kọ ibi kan sọ́tọ̀ fún ìgò tí wọ́n á fọ̀. Àṣeyọrí mi àkọ́kọ́ lókè òkun nìyẹn, olè díẹ̀ ni mo sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀gá wa níbi iṣẹ́ jẹ́ bàbá kan tó ń lọ sí ọgọ́ta ọdún. Otto ni orúkọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an sì ni gbogbo èèyàn ń pè é, títí kan àwọn tí ó lè bí lọ́mọ. Ó ní kí èmi náà máa pè é bẹ́ẹ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ń pè é ní Baba Otto, ó bi mí ohun tó túmọ̀ sí, mo sọ fún un, kò sì bá mi jà mọ́.

Òun àti èmi kò kọ́kọ́ rẹ́ o. Ọkọ́ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní ọkọ́ kan tí igi rẹ̀ gùn dé àyà mi. Mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo ní àwọn èèyàn yìí gba igi lọ́wọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà láìdúró kó gé e tán. Mo bá wá ayùn, mo gé e kúrú bí ó ṣe yẹ, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo sì ń ro ilẹ̀ lọ. Nígbà tí Baba Otto dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Nǹkan ìjọba ìlú ni mo bàjẹ́. Ó ń sọ̀rọ̀ kíákíá, n kò gbọ́ ju ìdajì lọ. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀yìn mi, ó rí ibi tí mo ti ro dé, ó tún wo ibi tí àwọn yòókù dúró sí. Lọ́jọ́ kejì, mo rí ọkọ́ kúkúrú yẹn lórí ìṣó tirẹ̀ nínú ilé irinṣẹ́, ó ti fi ọ̀dà kọ orúkọ mi sí i lára.

Láti ìgbà náà ni a ti ń jọ ṣiṣẹ́ létí odò. Odò náà ń jẹ ilẹ̀ ìlú lọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n lè fi kankéré dí i, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ náà ti bá ìjọba ìlú jà lórí rẹ̀, wọ́n ní igi ni kí wọ́n fi dí i. Baba Otto kọ́ mi bí a ṣe ń gún òpó kéékèèké mọ́lẹ̀, tí a ń fi ẹ̀ka igi tútù hun wọ́n pọ̀ bí ẹni ń hun apẹ̀rẹ̀. Omi á gba inú rẹ̀ kọjá, ilẹ̀ á sì dúró. Bó bá pẹ́, àwọn ẹ̀ka náà á ta gbòǹgbò, wọ́n á di igi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí èyí tí wọ́n ti ṣe ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Oko bàbá mi ni mo ń wò.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń bá ilé sọ̀rọ̀. Màá ti kọ lẹ́tà tẹ́lẹ̀, màá sọ ọjọ́ àti aago, lẹ́tà náà á sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rìn. Bí ọjọ́ náà bá pé, bàbá àti ìyá mi á wọ ọkọ̀ láti Ìrẹsà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, sí ilé Alàájà kan tó ń ta aṣọ nítòsí Tákíé. Òun ló ní fóònù. Alàájà á tẹ́ ẹní fún wọn, á sì fún ìyá mi ní àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù. Bàbá mi kì í jókòó. Ó gbà pé èèyàn gbọ́dọ̀ dìde dúró láti bá ẹni tó wà lọ́nà jíjìn tó bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Gbólóhùn mẹ́ta ló máa ń sọ. Ṣé àlàáfíà ni mo wà? Ṣé mò ń kírun? Iṣẹ́ ńkọ́? Lẹ́yìn náà á gbé fóònù fún ìyá mi, tó máa ń bi mí ohun tí mo jẹ lánàá, ohun tí mo jẹ lónìí, àti ta ló sè é.

Bí mo bá gbé fóònù sílẹ̀, màá rìn létí odò kí n tó padà sí yàrá. Mo sábà máa ń rò ó pé, níbo gan-an ni mo wà? Ẹsẹ̀ mi wà ní Ìlú Olódò, etí mi ṣì wà nílé Alàájà. Nígbà tí mo wà nílé, n kò bi ara mi rí bóyá ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ṣé wọ́n ń bi èèyàn bóyá ó ní ọwọ́ ni? Àfìgbà tí mo dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá mi ni mo tó mọ̀ pé orúkọ bàbá mi ni mo ti ń fi rìn láti kékeré. Níbí, ohun tí mo bá fi ọwọ́ ara mi ṣe nìkan ni wọ́n mọ̀ mọ́ mi. Ó dùn mí, ó sì tún wù mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Ó ti pẹ́ gan-an báyìí, mi ò tíì lè sọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Nínú oṣù kìíní ni Hanna mú ìwé ètò ìrìn àjò wọn wá fún mi. Òun àti ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ló máa lọ sọ́dọ̀ wa ní oṣù kẹta, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á sọ̀rọ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta ní Ọ̀yọ́. Wọ́n á gbin igi kan níwájú ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n á ya fọ́tò. Wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kò sí Ìrẹsà níbẹ̀. Kò sí oko, kò sí ọkọ́.

Mo ní ètò náà dára. Kí ni mo fẹ́ sọ? Bí a ṣe tọ́ mi ni pé a kì í rán ẹni tó jẹ wá ní àáró létí. Òun fúnra rẹ̀ ló yẹ kó gbé ọkọ́ wá. Bí o bá rán an létí, o ti pè é ní aláìmọ̀kan, o sì ti sọ ara rẹ di ahun.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo bá ilé sọ̀rọ̀. Bàbá mi sọ gbólóhùn kẹrin lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Mo ti ṣán igbó apá òkè yẹn dé ìdí igi iyá. Ọwọ́ wọn á ká a."

Kò tíì ṣán ilẹ̀ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ṣí orí ilẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún un. Bí kò bá sí ẹni tó kọ ebè síbẹ̀ kí òjò tó dé, bí kò bá sí ohun tó dá àgbàrá dúró, òjò àkọ́rọ̀ méjì péré á wọ́ gbogbo erùpẹ̀ náà lọ, yóò sì ku òkúta. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló máa ba oko bàbá mi jẹ́.

Àfi bí ẹni pé ìyẹn kò tó, olórí ọgbà ìlú pè mí ní oṣù kejì. Ó ní àwọn ń fẹ́ kí n dúró fún ọdún méjì sí i, kí n wọ ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ni nípa ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi. Kí n dá àwọn lóhùn kí oṣù kẹrin tó parí. Mo fẹ́ ẹ. Mo fẹ́ ẹ débi pé inú ń bí mi sí ara mi. Ṣùgbọ́n ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bèèrè ọdún méjì lọ́wọ́ ẹni tí n kò tíì san ọdún kan fún?

Baba Otto ló kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe mí. Ìhun mi ń tú. Ó tú u, ó ní kí n tún un hun, ó tún tú. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ó jókòó sórí òkúta, ó bu tíì láti inú fúláàsì rẹ̀ fún mi, ó ní kí n sọ ọ́. Mo ti ń ká èdè wọn jọ nígbà náà, mo fi èyí tí mo ní lẹ́nu ṣàlàyé: àáró, bàbá mi, ilẹ̀ tó ṣán, ìwé ètò tí kò sí oko nínú rẹ̀. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbẹ̀ abúlé òun ń pa ọkà, láti ilé dé ilé, gbogbo abúlé á ṣe ti ẹnì kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí ti èkejì. Ìgbà tí ẹ̀rọ dé ni wọ́n jáwọ́.

"Ẹ̀rọ ò mọ ẹni tó kàn," ló wí.

Ó ní kí n lọ sọ fún Hanna. Mo ní mi ò lè ṣe é, ìtìjú ni. Ó mu tíì rẹ̀ tán, ó dìde, ó ní òun ti dàgbà, kò sí ohun tó ń ti òun lójú mọ́, ó sì gba ọ́fíìsì ẹgbẹ́ lọ pẹ̀lú bàtà oníẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Kò pẹ́ tí Hanna fi sáré dé etí odò. Ó bínú sí mi. Ó ní ṣé mo máa jẹ́ kí àwọn lọ gbá bọ́ọ̀lù nígbà tí bàbá mi ń dúró de àwọn lóko? Mo ṣàlàyé ìdí tí n kò fi sọ̀rọ̀. Kò yé e dáadáa, ṣùgbọ́n ó lọ yọ bọ́ọ̀lù kúrò, ó yọ ilé ẹ̀kọ́ méjì kúrò, ó sì fi ọjọ́ márùn-ún sí Ìrẹsà. Baba Otto kò fi mọ síbẹ̀. Ó gé igi ọkọ́ mẹ́ta kúrú fúnra rẹ̀, ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá máa kọ ebè létí odò ní gbogbo ọjọ́ Sátidé. Ẹ wo àwọn ọmọ òyìnbó mẹ́ta nínú òtútù oṣù kejì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, imú wọn pọ́n, wọ́n ń kọ ebè tí kò sẹ́ni tó máa gbin iṣu sí i. Èmi ni tíṣà wọn. Baba Otto dúró lẹ́yìn, ó ń pariwo "Ẹ kú iṣẹ́" tí mo kọ́ ọ, bí ẹni pé àṣẹ ni.

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ nínú mi pé kò lè tó. Àgbẹ̀ kan péré ní abúlé wa lè ṣe ju ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń ṣe lọ kí oòrùn tó kan àtàrí. Ẹni tó ń ka ebè kò ní rí nǹkan kà. Mo bá jókòó, mo kọ lẹ́tà sí olórí ọgbà ìlú pé mo dúpẹ́, n kò lè dúró, mò ń padà sílé lóṣù kẹsàn-án. Mo fi í sínú àpò ẹ̀wù mi, mo ní n ó fi ránṣẹ́ bí mo bá ti bá ilé sọ̀rọ̀ tán. Ohun kan tí n kò rántí ni láti bẹ Hanna pé kó má sọ ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà fún bàbá mi.

Wọ́n lọ, wọ́n sì padà dé. Hanna fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ hàn mí, gbogbo rẹ̀ ti lé. Ó ní bàbá mi kì í sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àràárọ̀ ló máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá òun. Yàrá mi ni wọ́n fún un.

Ọjọ́ tí mo dá fún ilé pé ní àárín oṣù kẹrin. Mo lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo pe Alàájà ní aago méjì. Ó ní wọn kò tíì dé. Wọn kò pẹ́ rí. Obìnrin tó ń gba owó fóònù ló rí ojú mi, ó sì rán mi létí pé àwọn ti ti aago síwájú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí òtútù bá ti ń lọ. Aago kan ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì fún wákàtí kan gbáko, mo ń fọwọ́ kan lẹ́tà inú àpò mi.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ gba fóònù. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀. Ó ní Hanna ró ìró òun lọ sí oko. Ó ní ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà jẹ iyán, ó sùn lọ síbi tó jókòó sí. Ó ní ebè tí wọ́n kọ, háà, ilé ikán sàn jù ú lọ. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan lójú wọn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti lọ ló ti ń tún un kọ ní ìdájí ìdájí, ó sì ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ ọ́ sínú lẹ́tà sí ọmọ náà. "Ṣùgbọ́n igi tí wọ́n hun dí ọ̀nà àgbàrá yẹn," ìyá mi wí, "òjò ńlá rọ̀ níjẹrin. Mo bá bàbá rẹ lọ wò ó láàárọ̀. Ilẹ̀ náà dúró síbẹ̀. Bàbá rẹ jókòó tì í títí oòrùn fi là."

Mo gbọ́ tí fóònù ń lọ láti ọwọ́ kan sí èkejì, mo sì mọ̀ pé ẹni tó gbà á ti dìde dúró.

"Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àlàáfíà ni, Bàbá. Ẹ kú iṣẹ́."

"Àwọn èèyàn rẹ wá."

"Mo gbọ́, Bàbá."

"Ọmọbìnrin yẹn ní ilé ẹ̀kọ́ kan ń fẹ́ ọ fún ọdún méjì. Tíṣà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ wọn ló sọ ọ́ fún mi."

Mo di fóònù mú dáadáa. Mo sọ fún un pé n kò ní lọ, mo ti kọ lẹ́tà, yóò rí mi nílé lóṣù kẹsàn-án. Ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn.

"Èèyàn mélòó la rán lọ sí Ìlú Olódò?"

"Ẹnì kan, Bàbá. Èmi ni."

"Mélòó ni wọ́n rán wá?"

"Mẹ́ta."

"Ó ku méjì tí a jẹ wọ́n. Ọdún kan lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Dúró síbẹ̀ kóo san án."

Gbogbo ọjọ́ ayé mi, n kò gbọ́ kí bàbá mi ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rí. Mo rí àlejò Bàbá Ràímì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójú mi, pẹ̀lú iṣu sísun lọ́wọ́. Omi bọ́ lójú mi sórí káńtà, obìnrin onífóònù wo ibòmíràn.

"Bàbá," mo ní, "ebè mélòó ni wọ́n kọ?"

Mo gbọ́ tí ìyá mi rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín.

"Lọ́tẹ̀ yìí, èèyàn ni mo kà."

Ó gbé fóònù fún ìyá mi. Mo ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sọ fún Alàájà pé ọmọ òun kò tíì parí iṣẹ́ tí òun rán an.